Ilẹ̀kùn Tí Olè Kò Gbà

Ihò tó wà lára ògiri ẹ̀yìn àká náà fẹ̀ tó kí màlúù méjì jọ gba inú rẹ̀ kọjá. Oòrùn àárọ̀ ń gba ibẹ̀ wọlé, ó ń tàn sórí ilẹ̀ níbi tí mọ́tò funfun náà ti wà láti ìgbà tí wọn kò tíì bí Léa. Àmì epo dúdú àti ìyẹ́ adìyẹ nìkan ló kù níbẹ̀.

Léa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó gbé abọ́ iṣu sísè dání. Ó ti gbé e lọ sí kọ́mísáríà àwọn ọlọ́pàá ní kùtùkùtù, bàbá rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ Àìkú tí wọ́n ti ti Sylvestre, bàbá rẹ̀ yìí, mọ́lé, omi nìkan ló ń mu. Àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra! Lọ́la ni wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ sí ẹ̀wọ̀n ní Abomey. Léa mọ̀ ọ́n lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí bàbá òun bá fi lè wọ ọkọ̀ yẹn, òkú rẹ̀ ni àwọn máa lọ gbà bọ̀.

"Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ihò yìí dáadáa," ni ó wí. "Ta ló máa fọ́ ògiri ilé ara rẹ̀ kó tó jalè?"

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ wo ihò náà. Ràhímọ́tù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àwọn aláṣọ inú ọjà Dásà. Ó kúrú, ó sanra, ó máa ń lo ìborùn rẹ̀ bí ìyá tó ń lọ kí ọmọ tuntun, àwọn tó bá sì fi ìrísí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ máa ń pẹ́ kí wọ́n tó tún rí ìta. Ẹ̀pà ló ń jẹ. Bó bá ti ń ronú ló ń jẹ ẹ́, ó sì ń kó èèpo rẹ̀ sínú àpò kí ó má bàa ba ilẹ̀ jẹ́.

"Ẹni tó fẹ́ ká rò pé àjèjì ló wá ló máa fọ́ ògiri ara rẹ̀."

Ẹlòmíràn ló dáhùn. Mẹ́tìrì Benoît ni, agbẹjọ́rò tó ti Kútọnù wá. Ó wọ kóòtù nínú ooru Dásà, erùpẹ̀ pupa sì ti pa bàtà rẹ̀ dà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹjọ́ ti wá, òun ló fi tẹlifóònù ní kí wọ́n mú Sylvestre lọ́jọ́ Àìkú.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyí. Nígbà tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun, òyìnbó kan tó ń fi mọ́tò sáré ìje, tí wọ́n ń pè ní Isidore, fi kámíọ̀, ọkọ̀ ńlá akẹ́rù, gbé mọ́tò eré-ìje rẹ̀, ó ń lọ sí apá àríwá. Kámíọ̀ náà kú sí Paouignan níbí, lẹ́bàá Dásà. Òyìnbó bẹ Mathieu, bàbá àgbà Léa, pé kó bá òun tọ́jú mọ́tò náà kí òun fi lọ wá ẹ̀yà kámíọ̀ wá. Mathieu gbà. Isidore kò padà mọ́. Mathieu dúró dè é títí ó fi kú, Sylvestre ọmọ rẹ̀ sì gba iṣẹ́ náà. Sylvestre yìí kan náà ló bẹ fáda ìjọ wọn títí wọ́n fi rí ọmọ Isidore, obìnrin kan ní Faransé. Ọjọ́ Ajé ni Mẹ́tìrì Benoît yẹ kó wá gba ẹrù náà fún un. Ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ilé ṣófo tí àwọn ará ilé lọ sí Máásì níbi ihò àpáta Màríà, mọ́tò pòórá. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣọ́ ẹrù ẹlẹ́rù wá di olè nígbà tó ku ọjọ́ kan kó gbé e fún ẹni tó ni ín. Bí ìyẹn kò bá múni sunkún, kí ló tún kù?

"Mẹ́tìrì, ẹ là mí lóye," ni Ràhímọ́tù wí níkẹyìn. "Irin àtijọ́ tí adìyẹ ń yé sí. Kí ló sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ ti arúgbó mọ́lé?"

Mẹ́tìrì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tó ti mọ̀ lórí. "Nígbà tí wọ́n ṣe é, eré ọdún kan ni wọ́n ṣe é fún. Bí ọdún bá yí, tí ẹlòmíràn ṣe èyí tó yá jù ú lọ, ó di pàǹtí. Wọ́n ń gé wọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n ń yọ ẹ́ńjìnì wọn, wọ́n ń fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ eré. Bí wọ́n ṣe ṣọ̀wọ́n nìyẹn. Lẹ́yìn náà, àwọn ọmọdé tó ń dúró létí ọ̀nà wo eré wọ̀nyẹn dàgbà, wọ́n di olówó, wọ́n sì fẹ́ ra ìgbà èwe wọn padà. Owó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Nígbà tó yá, àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò kó wọ inú òwò náà, wọ́n bì í sókè títí ó fi já wálẹ̀ gbì, ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ gbèsè. Ṣùgbọ́n ó tún gbéra, kò sì wẹ̀yìn mọ́. Lónìí, wọ́n ń rà á bí ẹni ń ra ilẹ̀. Wọn ò gùn ún. Wọ́n á tì í mọ́ yàrá, wọ́n á máa wò ó bó ṣe ń gbówó lórí. Èyí tó bá sì ti sáré borí rí, tí ẹ́ńjìnì tó bá a wá sáyé ṣì wà nínú rẹ̀..." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò lè ròyìn tán.

"Àwa náà mọ̀ bó ṣe gòkè," ni Léa wí, ohùn rẹ̀ sì korò. "Nígbà tí bàbá wa wà lọ́mọdé, oníirin kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún òun níṣu kí òun tó lè bá wọn kó o dànù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnì kan fẹ́ fi àpò gàrí rà á. Ẹlòmíì fa alùpùpù Mobylette wá. Ẹlòmíì ní òun á fi páànù tuntun kan gbogbo ilé. Nígbà tí màmá wa ń ṣàìsàn, ọkùnrin kan wá láti Kútọnù, ó ní ilé alájà lòun máa fi pààrọ̀ rẹ̀. Bàbá ní kì í ṣe tàwọn. Wọn ò rí owó ṣe iṣẹ́ abẹ fún màmá. Ó kú."

Lẹ́yìn náà ni Mẹ́tìrì yíjú sí Ràhímọ́tù.

"Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ ẹ̀, Màdáámù. Ṣé ọkùnrin tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí kò nídìí láti jalè?"

Léa bá gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Ó fẹ́ gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó tún fi ẹnu ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó ronú wá ẹlòmíràn tí wọ́n lè fura sí, ó sì rántí Brice.

Brice ni ọkùnrin tó ń ra irin àtijọ́ kiri ní Paouignan. Ó ti wá sí àká náà bí ẹ̀ẹ̀mẹta ní oṣù tó kọjá, ó ń fọwọ́ pa mọ́tò náà lára bí ẹni ń pa ẹṣin. Wọ́n sì rí kámíọ̀ rẹ̀ lójú títì ní ọjọ́ Àìkú, ó fi tàpólì bo ẹrù ńlá kan, ó ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí Léa gbọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọlọ́pàá, ayọ̀ ni ó fi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n lọ mú un wá.

Wọ́n mú Brice wá sí àká náà lọ́sàn-án.

"Níbo lo wà lọ́jọ́ Àìkú?" ni Ràhímọ́tù bi í.

"Ilé ni mo wà, Màdáámù. Orí ń fọ́ mi."

"Orí ń fọ́ ẹ, kámíọ̀ ẹ wá ń dá rìn?"

"Àbúrò mi ló gbé e."

"Àbúrò ẹ wo? Ìyá ẹ ní ìwọ nìkan lòun bí. Ṣé ká pè é?"

Brice nu òógùn ojú rẹ̀, ó wo Mẹ́tìrì, ó wo àwọn ọlọ́pàá, ó sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. "Igi ni! Igi tíìkì ni mo kó. Mi ò gbàṣẹ. Wọ́n ṣì wà ní àgbàlá níbi tí mo já wọn sí, ẹ lọ wò ó. Ẹ̀yin Màdáámù, olè igi ni mo jẹ́, mi ò jí mọ́tò!"

Wọ́n fi tẹlifóònù bèèrè. Òótọ́ ni. Igi náà wà níbẹ̀, tútù, ó pọ̀ tó láti kún kámíọ̀. Ìrètí tó ti ń gbé Léa dúró já gààràgà. Ó jókòó sílẹ̀ lórí erùpẹ̀, ó gbé abọ́ iṣu lé itan, kò tilẹ̀ bìkítà fún ẹni tó ń wò ó.

Ṣùgbọ́n Ràhímọ́tù kò tíì jẹ́ kí Brice lọ. "O ti ń fojú sí mọ́tò yìí tipẹ́," ni ó wí. "Ká ní ìwọ lo fẹ́ gbé e, báwo lo ṣe máa ṣe é? Má bẹ̀rù. Fi hàn mí."

"Èmi? Ògiri kọ́ ni màá fọ́ ní tèmi. Kí ni màá máa wàhálà sí? Kọ́kọ́rọ́ ń bẹ lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn níbẹ̀ yẹn, ọmọ ọwọ́ pàápàá ń rí i. Màá fi ẹ̀yìn kámíọ̀ sún mọ́ ibí, màá ṣílẹ̀kùn gbayawu, màá sì fa mọ́tò jáde tààrà, báyìí..." Ó bọ́ sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀.

"Má tẹ̀ ẹ́!"

Léa ló kígbe. Ó ti fò dìde kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. "Kúrò níbẹ̀! Bàbá wa àgbà lò ń tẹ̀!"

Brice fò sẹ́yìn bí ẹni tó tẹ iná. Ọwọ́ Ràhímọ́tù tó ń gbé ẹ̀pà lọ sẹ́nu dúró láàárín méjì.

"Ta ló wà níbẹ̀?" ni ó bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá Mathieu," ni Léa wí, ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Òun ló ní kí wọ́n sin òun sẹ́nu ọ̀nà, pé ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò náà, kó wá bá òun sọ ọ́. Bí àwa bá ń wọlé, a máa ń fara mọ́ òpó apá òsì ni. Bàbá mi ti bá fáda sọ ọ́ pé ní ọjọ́ Ajé kí wọ́n wá gbàdúrà, òun á sì ta omi sílẹ̀, kí wọ́n fi tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí wọ́n tó fa mọ́tò náà kọjá."

"Kò sí àmì kankan lórí ilẹ̀."

"Bàbá Mathieu ní kí wọ́n má fi àmì sí i."

"Ta ló wá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀?"

"Àwa ará ilé nìk..."

Léa yára fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ràhímọ́tù ti jáde lọ sẹ́yìn àká. Wọ́n bá a níbi tó dúró sí, ó ń wo àwọn bíríkì alámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Wọ́n tò wọ́n lérí ara wọn dáadáa. Etí wọn kò ṣẹ́, wọ́n ti ha amọ̀ gbígbẹ kúrò lára wọn, wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n kí òjò má bàa pa wọ́n.

"Láti ọjọ́ Àìkú, èmi rò pé ẹ̀yin lẹ kó wọn jọ," ni Ràhímọ́tù wí.

"Àwa rò pé ọlọ́pàá ni," ni Léa dáhùn.

"Ẹni tó gbé mọ́tò yìí rí kọ́kọ́rọ́, kò mú un. Ó rí ilẹ̀kùn, kò gbà á. Ó kúkú gbà kí òun ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn ju kí táyà gun orí òkú ẹni náà lọ. Ará ilé ni. Nígbà tó sì ń tú ògiri, kò fọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó lè ba bíríkì tó ṣì dára jẹ́. Ẹni tó ń fi bíríkì jẹun ni."

Kò bèèrè orúkọ. Léa kò sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti ń lù ú láyà bí òòlù: Roméo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí ó ń pè ní Fòfó, tó ti fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n lọ sóko rí. Másọ́ọ̀n ni, bíríkìlà. Kò sí ilé tí wọ́n ń mọ láti Dásà dé Kpingni tí kò fọwọ́ kàn. Kò sì wá sí Máásì ní ọjọ́ Àìkú. Ó ní iṣẹ́ ń bẹ.

"Jẹ́ ká lọ rí bàbá ẹ," ni Ràhímọ́tù wí.

Sylvestre jókòó sórí ẹní nínú àhámọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ràhímọ́tù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ rí àwọn bíríkì yẹn lọ́jọ́ Àìkú, àbí ẹ ò rí wọn?"

Bàbá náà fa ẹsẹ̀ tó wú náà mọ́ra. Lẹ́yìn ìyẹn ó ní, "Èmi ni. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo gbé e."

"Ẹ gbé e lọ síbo?"

"Mo tà á."

"Fún ta?"

"Mo ti gbàgbé."

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, irọ́ ò yẹ yín. Ẹ ò tíì pa á tó láti mọ̀ ọ́n pa."

Sylvestre kò wò ó. Léa ló ń wò. "Léa, ọmọ mi, má sọ nǹkan kan. Mo fi ìyá yín san ti àkọ́kọ́. Mi ò lè fi ẹ̀gbọ́n rẹ náà san èyí."

Ìgbà náà ni Léa rí i pé bàbá òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un. Ebi yẹn, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń fi pa ara rẹ̀ ni. Ó fẹ́ kú sínú ẹjọ́ náà kí wọ́n má bàa wá ẹlòmíràn. Léa wo ẹsẹ̀ tó wú náà. Ó ronú kan Fòfó, ó tún ronú kan ọkọ̀ tó ń bọ̀ lọ́la, kò sì sí ọ̀nà kẹta rárá. Ó rò pé orí òun máa dàrú.

"Kèrè," ni ó wí. "Ó ń mọ ilé kan ní Kèrè."

Bàbá rẹ̀ di ojú, kò sì là á mọ́ títí wọ́n fi jáde.

Ilé náà dá dúró sí ìdí òkè kan ní Kèrè, nínú oko àgbàdo. Ẹnì kan tó ń gbé ìlú òkèèrè ló ń kọ́ ọ, kò tíì ní òrùlé, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Roméo jókòó sórí òkìtì yanrìn. Nígbà tó rí ọlọ́pàá, kò sá. Nígbà tó rí Léa, ó gbé ojú kúrò.

Wọ́n wá inú ilé, wọ́n wá inú oko, wọn ò rí nǹkan kan. Mẹ́tìrì Benoît bẹ̀rẹ̀ sí í bínú, ó ní àsìkò òun ti ń ṣòfò. Ràhímọ́tù kàn ń yí ilé náà ká, ó ń bó ẹ̀pà. Ó yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà náà ló dúró níwájú yàrá tó wà ní ìpẹ̀kun, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó wà láàárín àwọn bíríkì náà ṣì tutù.

"Iṣẹ́ ẹ dára, Roméo," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n gbogbo yàrá tó kù ló ní ojú ọ̀nà. Èyí kò ní. O tún fi pákó bò ó lókè. Ta lo kọ́ yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn fún?"

Roméo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ nínú ẹ̀rín náà. "Kámíọ̀ tó ń kó yanrìn wá fún wa ni mo fi gbé e. Mi ò fẹ́ tà á, Màdáámù. Bí mo bá fẹ́ tà á ni, ta ni kò mọ ẹni tó ń rà á? Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́: ó ti di Mobylette, ó ti di páànù, ó ti di ilé. Ó ń gbówó lórí, àwa ń ronú oúnjẹ alẹ́. Màmá mi wà ní etí oko, sàréè ẹ̀ ò ní sìmẹ́ńtì. Mo ní kí mọ́tò náà wọ sàréè tirẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má rà á mọ́, kí owó ẹ̀ má gòkè mọ́."

"Kí ló dé tí o kò gba ẹnu ilẹ̀kùn?"

Roméo wò ó bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè wèrè. "Bàbá àgbà ńkọ́?"

Kò jẹ́ kí àwọn ọlọ́pàá fi òòlù kan ògiri náà. Ó ní wọ́n á ba mọ́tò jẹ́, wọ́n á sì ba bíríkì jẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló tú u, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, títí imú mọ́tò funfun náà fi yọ nínú òkùnkùn. Mẹ́tìrì Benoît sáré wọlé lọ wo nọ́ńbà ẹ́ńjìnì.

"Ìwọ lo sọ fún wọn?" ni Roméo bi Léa.

"Bàbá ò jẹun, Fòfó."

Roméo mi orí. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí àwọn ọlọ́pàá.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dé kọ́mísáríà. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Sylvestre, wọ́n sì ti Roméo mọ́ yàrá kan náà. Mẹ́tìrì ní ọ̀dọ̀ obìnrin ilẹ̀ Faransé nìkan ni àṣẹ wà bóyá kí wọ́n fa ẹjọ́ náà kúrò, obìnrin náà kò sì gbé tẹlifóònù. Ọkọ̀ Abomey ṣì ń bọ̀ lọ́la. Ràhímọ́tù ní òun á máa pè é títí ilẹ̀ á fi mọ́.

"Ṣé ó máa gbà, Màdáámù?" ni Léa bèèrè.

"Mi ò lè purọ́ fún ẹ, ọmọ mi. Mi ò mọ̀." Ó wọ yàrá àhámọ́ lọ láti kọ ọ̀rọ̀ ẹnu Roméo sílẹ̀.

Léa gbé abọ́ iṣu fún bàbá rẹ̀. Ohun tó ti ń tọrọ láti ọjọ́ Àìkú nìyí, pé kí bàbá òun jáde, kó jẹun. Sylvestre gbà á. Ó sì na apá rẹ̀ gba àárín irin ilẹ̀kùn, ó gbé e fún Roméo.

"Jẹun," ni ó wí fún un.

Lẹ́yìn náà ló fa ẹní rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí ìta, gan-an ní ẹnu ọ̀nà àhámọ́ náà, ó sì dùbúlẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, wọ́n ti dá yín sílẹ̀," ni ọlọ́pàá tó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wí. "Ẹ máa lọ sílé."

"Mo gbọ́," ni Sylvestre dáhùn. "Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kúrò níbí, kó wá bá mi sọ ọ́."

Ọlọ́pàá náà wo Léa. Léa jókòó síbi ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó wú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọra wọ́ ọ. Nígbà tí Ràhímọ́tù parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú yàrá náà, tó ṣílẹ̀kùn tó fẹ́ jáde, ó bá arúgbó náà lórí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó dúró díẹ̀. Ó ká etí aṣọ rẹ̀ sókè, ó fara mọ́ òpó apá òsì, ó sì rọra kọjá.